Títọ́jú Fáìlì Ọnà Aṣọ

Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ wo àpò àyà ẹ̀wù yín. Bí wọ́n bá fi òwú ṣe àmì ilé-ìwé yín síbẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé ẹ̀rọ ni ó ṣe é. Ta ni ó sọ ibi tí ẹ̀rọ náà yóò gún abẹ́rẹ́ sí fún un? Fáìlì ni. Ọ̀rọ̀ fáìlì yìí ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, nítorí pé oúnjẹ ọ̀pọ̀ ènìyàn wà nínú rẹ̀.

Láyé àwọn baba wa, inú orí ni oníṣẹ́ ọnà ń tọ́jú ọnà ọrùn agbádá sí, kí ó tó fi kọ́ ọmọ-iṣẹ́ rẹ̀. Lónìí, ẹni tí ó ń ṣe mọnogíráàmù yóò jókòó ti kọ̀ǹpútà, yóò ya ọnà náà, yóò sì pinnu bí òwú yóò ti rìn. Ó lè gbà á ní wákàtí púpọ̀. Bí ó bá parí tán, gbogbo làálàá náà lè wà nínú fúláàṣì tí kò tóbi ju àtàǹpàkò lọ. Bí fúláàṣì náà bá sọnù sínú ọkọ̀ ńkọ́?

Oríṣi fáìlì méjì ni ẹ ní láti mọ̀. Èkíní ni èyí tí a fi ń ya ọnà lórí kọ̀ǹpútà. Ẹ jẹ́ kí a pè é ní ìyá fáìlì. EMB ti ilé-iṣẹ́ Wilcom jẹ́ ọ̀kan nínú irú rẹ̀. Ìyá fáìlì mọ̀ pé lẹ́tà nìyí, ewé nìyí. Èkejì ni ọmọ rẹ̀, tí ẹ̀rọ ń kà, bí DST ti ilé-iṣẹ́ Tajima ní Jàpáánù. DST kò mọ lẹ́tà, kò mọ ewé. Ohun tí ó mọ̀ kò ju pé kí abẹ́rẹ́ rìn díẹ̀ sí ọ̀tún, kí ó rìn díẹ̀ sókè, kí ó gún aṣọ. Ó lè ní kí a pààrọ̀ òwú, ṣùgbọ́n kò ní sọ bóyá òwú pupa ni tàbí funfun.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀. Ká ní àmì kan fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 8, tí àlàfo òwú kan sí èkejì sì jẹ́ mìlímítà 0.4. Bí a bá fa DST rẹ̀ di sẹ̀ǹtímítà 16 láì fi òwú kún un, àlàfo yóò di mìlímítà 0.8, aṣọ yóò máa yọjú láàárín òwú. Bí a bá sún un di sẹ̀ǹtímítà 4, àlàfo yóò di 0.2, òwú yóò kì jọ, yóò máa já, abẹ́rẹ́ sì lè kán. Ṣùgbọ́n láti inú ìyá fáìlì, kọ̀ǹpútà lè tún òwú náà tò bí ó ti yẹ. Nítorí náà, bí ọmọ bá ti jáde, ẹ má ṣe ju ìyá rẹ̀ nù.

Èkejì, ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹ ṣe ẹ̀dà mẹ́ta: ọ̀kan nínú kọ̀ǹpútà, ọ̀kan nínú dísìkì tí ẹ yọ sọ́tọ̀, ọ̀kan ní ibòmíràn, bóyá nílé tàbí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Iná tí ó bá jó ṣọ́ọ̀bù kò ní dá fúláàṣì inú rẹ̀ sí. Kí ẹ sì máa ṣí àwọn ẹ̀dà náà wò lóṣooṣù, kí ẹ lè mọ̀ pé wọ́n ṣì ń ṣiṣẹ́.

Ẹ̀kẹta, ẹ sọ fáìlì ní orúkọ tí ó nítumọ̀. Bí ẹ bá pè é ní “tuntun”, kí ni ẹ ó pe ti ọ̀la? Ẹ kọ ẹni tí ó ni ín, bí ó ti fẹ̀ tó, àti ọdún tí ẹ ṣe é. Ẹ tún ní ìwé kan tí ẹ ó máa kọ nọ́ńbà òwú sí bí wọ́n ti tẹ̀lé ara wọn, níwọ̀n bí DST kò ti lè rántí àwọ̀. Bí ilé-ìwé bá padà wá ní ọdún kejì pé àwọn fẹ́ ogójì àmì sí i, ẹ kò ní máa wá òwú tí ó jọ ti àtijọ́ kiri.

Ẹ̀kẹrin ni ọ̀rọ̀ oní-nǹkan. Ẹni tí ó ra ọnà lọ́wọ́ ẹni tí ó yà á, àṣẹ láti lò ó ni ó sábà máa ń rà, kì í ṣe àṣẹ láti pín in fún gbogbo àdúgbò. Ní Nàìjíríà, òfin tí à ń pè ní Copyright Act 2022 ń dáàbò bo iṣẹ́ ọnà tí ènìyàn fi ọgbọ́n inú ara rẹ̀ ṣe. Àmì ilé-ìwé náà kì í ṣe ohun tí a lè tà fún ẹlòmíràn. Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bóyá aṣọ nìkan ni oníbàárà ń sanwó fún, tàbí aṣọ àti fáìlì. Bí ó bá sì fẹ́ wo iṣẹ́ kí ó tó sanwó, àwòrán ni kí ẹ fi hàn án, kì í ṣe fáìlì.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí, ẹ kọ́ ìtọ́jú mọ́ ọn. Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.