Bàtà Fún Eré Àárọ̀

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sá eré wọ́ọ́rọ́wọ́ láàárọ̀ létí ọ̀nà ọ̀dà tó ti Sakété lọ sí Pobè, bàtà yín ni ọ̀rọ̀ wa lónìí.

Lóòótọ́, Abebe Bikila ará Etiópíà sá máratọ́ọ̀nù ní Róòmù lọ́dún 1960 láìwọ bàtà, ó sì gba góòlù. Àwa kì í ṣe Bikila. Bí ẹsẹ̀ bá ṣe ń balẹ̀ nínú eré, ìlọ́po méjì sí mẹ́ta ìwúwo ara ló ń gbé, ọ̀dà kì í sì í rọ̀. Fóòmù tó nípọn nísàlẹ̀ bàtà ló ń bá a gbé díẹ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ ra bàtà, ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ wọ̀ ọ́ wò, nígbà tí ẹsẹ̀ ti wú díẹ̀. Ẹ fi àyè tó fẹ̀ tó àtàǹpàkò sílẹ̀ níwájú ọmọ ìka tó gùn jù. Ẹni tó ń wọ 42 lè nílò 43. Tó bá há, ẹ má gbà fún òǹtajà pé yóò fẹ̀ tó bá yá.

Àlòkù ńkọ́? Èmi kò ní bú u, òun ni agbára ọ̀pọ̀ wa ká. Àmọ́ fóòmù ń gbó, kódà kí bàtà wà nílẹ̀ lásán. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́: tó bá le gbagidi, ẹ dá a padà. Ẹ gbé e sórí tábìlì, kí ẹ wò ó látẹ̀yìn. Èyí tó fì sí ẹ̀gbẹ́ kan ti mọ ìrìn ẹlòmíràn. Tuntun pàápàá, láàárín 500 sí 800 kìlómítà ni agbára rẹ̀ máa ń dínkù.

Tí ẹ bá fọ̀ ọ́, ibòòji ni kí ẹ sá a sí. Oòrùn gangan ń tú ìsàlẹ̀ rẹ̀.