Ariwo Fáànù Kọ̀ǹpútà Lẹ́yìn Tí Kernel Tuntun Bá Wọlé

Ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yìí jẹ mọ́ kọ̀ǹpútà alágbèéká, ẹ̀rọ tí ó ti di irinṣẹ́ fún akọ̀wé, olùkọ́, oníṣòwò àti ọmọ ilé-ìwé. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ni ó jẹ́ tòkunbọ̀, tí ẹni tí ó ni ín sì ń tọ́jú rẹ̀ bí ẹyin. Ní ọjọ́ kan, ẹ̀rọ náà yóò gba àtúnṣe láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, yóò kú, yóò tún tàn. Láti ìgbà náà ni fáànù inú rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í hó bí ẹ̀rọ ìlọta. Kò ní sinmi mọ́, bí ẹni tí ó jókòó tì í kò tilẹ̀ ṣe ju kí ó máa ka ìwé lọ. Bátìrì tí ó máa ń lo wákàtí mẹ́ta kò ní lè lo méjì.

Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń pàdánù. Ẹnìkan yóò gbé ẹ̀rọ lọ sí ọ̀dọ̀ alátùn-únṣe, wọn yóò sì pààrọ̀ fáànù tí kò ní àléébù kankan, owó á lọ, ariwo á kù. Ẹlòmíràn yóò nu gbogbo ohun tí ó wà nínú ẹ̀rọ rẹ̀ kúrò, yóò tún ètò rẹ̀ tò láti ìpìlẹ̀, àwọn ìwé tí ó ti kó jọ fún ọdún púpọ̀ yóò sì bá a lọ. Èyí tí ó burú jù ni ti ẹni tí ó wá ọgbọ́n láti pa fáànù náà lẹ́nu mọ́. Fáànù kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un ni ó ń ṣe. Bí wọ́n bá dá a dúró nígbà tí ooru wà, ẹ̀rọ yóò kọ́kọ́ máa falẹ̀, lẹ́yìn náà yóò pa ara rẹ̀ lójijì kí iná má baà jó o, iṣẹ́ tí ẹni náà kò tíì fi pamọ́ yóò sì parun. Ooru ni kí ènìyàn wádìí, kì í ṣe ariwo.

Nínú gbogbo kọ̀ǹpútà ni ètò kan wà tí ó dúró láàárín àwọn irin inú rẹ̀ àti iṣẹ́ tí ènìyàn ń fi í ṣe. Òun ni ó ń pín ọpọlọ ẹ̀rọ fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, òun ni ó ń pín àyè ìrántí, òun náà ni ó sì ń bá bátìrì, ojú ẹ̀rọ àti gbogbo ẹ̀yà yòókù sọ̀rọ̀. Àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè é ní kernel, orúkọ kan náà tí wọ́n ń pe èkùrọ́ inú ẹyìn. Orúkọ náà bá a mu, nítorí inú lọ́hùn-ún ni ó wà, ẹni tí ó ń lo ẹ̀rọ kì í sì í fojú kàn án. Àwọn àgbà ní èkùrọ́ ni alábàákú ẹ̀wà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kernel àti ọpọlọ kọ̀ǹpútà, bí ọ̀kan bá ṣìṣe, èkejì ni yóò gbóná.

Kernel tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé ni Linux. Linus Torvalds ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1991, nígbà tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Helsinki ní ilẹ̀ Finland. Òun ni ó wà nínú Ubuntu, Debian àti Fedora, ó sì wà nínú fóònù Android pẹ̀lú. Ẹ̀dà tuntun rẹ̀ máa ń jáde ní bí ọ̀sẹ̀ 9 tàbí 10 sí ara wọn, àtúnṣe tí ó wà nínú ẹ̀dà kan ṣoṣo sì sábà máa ń ju 10,000 lọ. Ẹni tí ó bá ro iye yìí dáadáa yóò rí i pé ìyanu ni pé ariwo fáànù kò wọ́pọ̀ jù báyìí lọ.

Báwo ni kernel ṣe lè dá ooru sílẹ̀? Ọpọlọ kọ̀ǹpútà kì í sáré bákan náà nígbà gbogbo. Nígbà tí kò bá sí iṣẹ́, ó máa ń sùn, ó máa ń jí, ó sì tún máa ń sùn, ní ọ̀pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Kernel ni ó ń pàṣẹ oorun yìí, òun náà ni ó sì ń sọ bí yóò ti sáré tó nígbà tí ó bá jí. Bí àṣẹ náà bá dàrú, ẹ̀rọ yóò dà bí ọkọ̀ tí ó dúró sójú kan tí awakọ̀ rẹ̀ kò yé tẹná mọ́ ọn: kò rin ìrìn-àjò kankan, ó sì ń jó epo.

Ọ̀ràn ọdún 2011 ni ó fi èyí hàn jùlọ. Ní oṣù kẹta ọdún náà ni kernel 2.6.38 jáde, Ubuntu 11.04 sì gbé e wọlé ní oṣù kẹrin. Kò pẹ́ tí àwọn ènìyàn fi ń ráhùn pé bátìrì àwọn kì í pẹ́ mọ́, àti pé ẹ̀rọ àwọn ń gbóná ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Michael Larabel, ẹni tí ó dá ìwé ìròyìn Phoronix sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò fi ọ̀rọ̀ náà mọ sí ìráhùn. Ó gbé kernel kan tẹ̀lé òmíràn sórí ẹ̀rọ kan náà, ó ń wọn iná tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ, títí ó fi ká àyípadà tí ó fa ọ̀ràn náà mọ́ ibi tí ó wà ní oṣù kẹfà.

Àyípadà náà jẹ mọ́ ohun tí wọ́n ń pè ní ASPM. Àwọn ẹ̀yà inú kọ̀ǹpútà ní ọ̀nà tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ sí ara wọn. ASPM ni ó ń jẹ́ kí ọ̀nà wọ̀nyí sùn nígbà tí kò bá sí ẹni tí ń kọjá níbẹ̀. Nínú àwọn ẹ̀rọ kan, ètò kékeré tí àwọn tí ó ṣe ẹ̀rọ fi sínú rẹ̀, èyí tí í ṣe BIOS, ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fọwọ́ kan ASPM. Kernel tuntun gba ọ̀rọ̀ náà sí pé kí òun pa á. Ó pa á, ọ̀nà gbogbo sì wà lójúfò tọ̀sán-tòru láìsí èrò. Àwọn ènìyàn kan fi ọ̀rọ̀ pcie_aspm=force kún àṣẹ tí kernel ń gbà nígbà tí ó bá ń tàn, ara sì tù wọ́n; ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ ni ó gba irú ipá bẹ́ẹ̀, òmíràn lè dákú. Matthew Garrett, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Red Hat nígbà náà, ni ó wá àtúnṣe tòótọ́ ní ìparí ọdún náà: ó ní bí Windows ti ń ṣe ni kí Linux náà ṣe, kí ó fi ASPM sílẹ̀ bí BIOS ti tò ó. Àtúnṣe rẹ̀ wọ inú kernel 3.2.5 ní oṣù kejì ọdún 2012. Fún bí oṣù mọ́kànlá, kò sí fáànù tí ó bàjẹ́ nínú gbogbo ọ̀ràn náà.

Bí ó bá wá ṣẹlẹ̀ sí ẹnìkan lónìí, sùúrù ni kí ó kọ́kọ́ ní. Lẹ́yìn àtúnṣe ńlá, kọ̀ǹpútà a máa ṣètò àkọsílẹ̀ àwọn ìwé inú rẹ̀ fúnra rẹ̀, ariwo irú èyí a sì máa dákẹ́ láàárín wákàtí kan. Bí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀, kí ó kọ àṣẹ top sí ojú terminal. Àtẹ kan yóò yọ tí yóò fi iṣẹ́ tí ó ń jẹ ọpọlọ ẹ̀rọ jùlọ hàn ní òkè. Bí ó bá jẹ́ browser tí ó ṣí ogún ojú-ewé sílẹ̀ ni ó wà níbẹ̀, kernel ti bọ́ nínú ẹ̀sùn. Bí orúkọ tí ó wà níbẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kworker, ọmọ iṣẹ́ kernel fúnra rẹ̀ ni ẹni náà ń wò. Ohun kan tí ó sábà máa ń fà á ni pé ẹ̀yà kan nínú ẹ̀rọ ń kan ilẹ̀kùn kernel láìdákẹ́. Iye ìgbà tí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ti kan ilẹ̀kùn wà lákọsílẹ̀ ní /sys/firmware/acpi/interrupts. Èyí tí iye rẹ̀ bá wọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún tí ó sì ń gòkè bí ènìyàn ti ń wò ó, òun ni kí wọ́n fura sí.

Lẹ́yìn èyí ni àṣẹ sensors, tí ó wà nínú àkójọ lm-sensors. Òun ni yóò sọ ìwọ̀n ooru, nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ yóò sì sọ iye ìgbà tí fáànù ń yí láàárín ìṣẹ́jú kan. Ibí ni ọ̀nà ti pín sí méjì. Bí ooru bá wà ní ìwọ̀n 45 tí fáànù sì ń sáré tagbára-tagbára, ẹni tí ó ń darí fáànù ni ó ṣì í lò, kò sí ooru tòótọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ooru bá wà ní 85 nígbà tí ẹnikẹ́ni kò ṣe nǹkan kan, fáànù ń sọ òtítọ́, ọpọlọ ẹ̀rọ ni ó yẹ kí wọ́n bi léèrè. Kí ó kọ gbogbo iye wọ̀nyí sínú ìwé, pẹ̀lú wákàtí tí ó wò wọ́n.

Ìdánwò tí ó ju gbogbo rẹ̀ lọ ni kí ó padà sí orí kernel àtijọ́. Ubuntu àti Fedora kì í kó o dànù lójú ẹsẹ̀. Àṣẹ uname -r ni yóò sọ èyí tí ẹ̀rọ ń lò. Nígbà tí ẹ̀rọ bá sì ń tàn, ojú-ewé GRUB yóò fún un ní àyè láti mú ti ìṣáájú. Kí ó ṣe ìdánwò náà nínú yàrá kan náà àti ní wákàtí kan náà, kí iná mànàmáná wà lára ẹ̀rọ ní ìgbà méjèèjì tàbí kí ó má sí rárá, nítorí ooru ọ̀sán kì í ṣe ẹgbẹ́ ooru òru. Kí ó lọ, kí ó bọ̀, lẹ́ẹ̀mejì ó kéré tán. Bí kernel àtijọ́ náà bá ń gbóná, kí ó ṣí ìdí ẹ̀rọ wò: eruku ọyẹ́ lè ti dí ojú fáànù, tàbí kí ọ̀rá tí ó wà láàárín ọpọlọ ẹ̀rọ àti irin atutù rẹ̀ ti gbẹ. Àtúnṣe kàn bá àìsàn nílé ni. Kí ó má sì gbàgbé pé BIOS tuntun lè ti bá kernel wọlé ní ọjọ́ kan náà; pípadà sí kernel àtijọ́ kò dá ti BIOS padà.

Bí ó bá hàn gbangba pé kernel tuntun ni, kí ó wo scaling_driver àti scaling_governor ní /sys/devices/system/cpu/cpu0/cpufreq lábẹ́ kernel méjèèjì. Ibẹ̀ ni orúkọ ẹni tí ó ń darí eré ọpọlọ ẹ̀rọ àti ìlànà tí ó ń tẹ̀lé wà. Orúkọ náà a máa yí padà láàárín ẹ̀dà méjì: ní ọdún 2023, kernel 6.5 gbé iṣẹ́ yìí lé amd-pstate lọ́wọ́ nínú púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ AMD tuntun. Bí ìlànà bá jẹ́ performance níbi tí ó ti jẹ́ powersave tẹ́lẹ̀, ìdí ọ̀ràn kò jìnnà mọ́. Àṣẹ journalctl -k yóò fi ohun tí kernel sọ nígbà tí ó ń tàn hàn, kí wọ́n lè fi ti méjèèjì wéra.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí ó ṣòro. Kernel àtijọ́ dákẹ́, ara tu oníkọ̀ǹpútà, kò sì wù ú láti kúrò lórí rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àtúnṣe tuntun ni ó ń dí ihò tí olè lè gbà wọlé, ihò náà sì wà ní ṣíṣí sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá jókòó sórí ti àtijọ́. Ẹni tí ó fi ẹ̀rọ rẹ̀ sanwó ní báńkì kò gbọdọ̀ wà níbẹ̀ fún oṣù púpọ̀. Kí ó fi í ṣe ibùwọ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí ó sì kọ̀wé sí àwọn tí ó ń tọ́jú ètò náà: irú ẹ̀rọ tí ó jẹ́, kernel tí ó dára, èyí tí kò dára, àti iye tí ó kọ sínú ìwé. Torvalds ti sọ ọ́ léraléra pé kernel tuntun kò gbọdọ̀ ba ohun tí ó ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ jẹ́, nítorí náà irú ìwé bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ẹ̀bẹ̀.

Wọ́n lè ní kí ó lo git bisect, ọ̀nà tí wọ́n fi ń pín àtúnṣe sí méjì, tí wọ́n ń dán àárín wò, tí wọ́n sì ń ju ìdajì tí kò jẹ̀bi nù. Bí àtúnṣe bá tó 16,000, ìdánwò 14 péré ni yóò mú wọn dé orí ẹyọ kan. Lórí ẹ̀rọ tí kò lágbára, ìdánwò kọ̀ọ̀kan lè gba wákàtí púpọ̀, nítorí náà ẹni tí iná rẹ̀ kì í dúró lè sọ fún wọn láìtijú pé kò ṣeé ṣe. Nígbà tí ẹ̀dà tí ó ní àtúnṣe bá dé, kí ó tún wọn ooru náà, nínú yàrá kan náà àti ní wákàtí kan náà, kí ó tó yọ ti àtijọ́ kúrò.