Káàdì Ìkíni Kérésìmesì: Ohun Tí Ó Yẹ Kí Olùrà Wò



Nígbà tí ọdún Kérésìmesì bá kù sí dẹ̀dẹ̀, káàdì ìkíni a máa pọ̀ lọ́jà. Ọmọ tí ó wà ní òkè òkun a fi kí òbí rẹ̀, ọ̀gá a sì fi kí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Ohun rere ni ìkíni jẹ́, ṣùgbọ́n ó yẹ kí olùrà mọ ibi tí káàdì ti wá àti ẹni tí owó rẹ̀ bọ́ sí lápò.

Ní ọdún 1843, ní Lọ́ńdọ̀nù, Ọ̀gbẹ́ni Henry Cole ní kí John Callcott Horsley ya àwòrán káàdì kan fún òun. Èyí ni káàdì Kérésìmesì àkọ́kọ́ tí a tẹ̀ fún títà. Ṣílè kan ni a ń ta ọ̀kọ̀ọ̀kan, owó ńlá sì ni lákòókò náà. Bí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ti ń dára sí i, káàdì di ohun tí mẹ̀kúnnù náà lè rà.

Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ yìí ní ìpalára tirẹ̀. Igi ni a ń gé láti ṣe bébà. Èérún tí ń dán yanranyanran lára àwọn káàdì mìíràn, ike ni. Kì í jẹrà, odò ni ó sì máa ń gbẹ̀yìn sí. Àwọn ilé iṣẹ́ tí ń sọ bébà àlòkù di tuntun kì í fẹ́ gba irú káàdì bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo bí àwọn ará orílẹ̀-èdè Nepal ti ń ṣe tiwọn. Igi kékeré kan tí a ń pè ní lokta ń hù lórí àwọn òkè wọn. Wọn a gé e, wọn a fi gbòǹgbò rẹ̀ sílẹ̀ kí ó lè tún rú. Lẹ́yìn bí ọdún 5 sí 8, ó tún tó gé. Wọn a se èèpo rẹ̀, wọn a lù ú títí yóò fi kúnná, wọn a dà á sórí férémù tí ó léfòó lójú omi, wọn a sì sá a sí oòrùn. Ó di bébà tí a fi ń ṣe káàdì nìyẹn.

Síbẹ̀, pé a fi ọwọ́ ṣe nǹkan kò tó. Alágbàtà lè fi owó kékeré gba iṣẹ́ lọ́wọ́ obìnrin tí ó ti jẹ gbèsè ra ohun èlò, kí ó sì tà á ní ìlọ́po-ìlọ́po. Ìdí rẹ̀ nìyí tí àwọn kan fi dá òwò tí kò rẹ́ni jẹ sílẹ̀. Àjọ World Fair Trade Organization, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1989, ní ìlànà 10. Lára wọn ni pé kí a san owó tí ó tọ́, kí a má sì fi ọmọdé ṣe iṣẹ́ tí yóò pa á lára. Bí oníṣẹ́ ọwọ́ bá béèrè, ó kéré tán, ìdajì owó iṣẹ́ ni kí olùrajà san ṣáájú, láìgba èlé. Nípa báyìí, oníṣẹ́ ọwọ́ bọ́ lọ́wọ́ olówó èlé.

Nítorí náà, kí olùrà béèrè nǹkan mẹ́ta. Ta ni ó ṣe é, èló sì ni ó kàn án? Kí ni a fi ṣe é: ṣé bébà àlòkù ni, tàbí èyí tí ó ní àmì FSC, tí ń fi hàn pé a tọ́jú igbó tí a ti gé igi rẹ̀? Ṣé kò ní ike lára?

Ẹni tí kò bá rí irú rẹ̀ rà, kí ó ṣe é nílé. Àjákù àdìrẹ Abẹ́òkúta tàbí ti Òṣogbo, tí a fi ẹ̀kọ lẹ̀ mọ́ bébà líle, yóò dùn mọ́ ẹni tí a fi ránṣẹ́ sí ju èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀ lọ.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ẹni tí ń ṣe káàdì nílò ẹni tí yóò rà á. Kí ẹni tí ń rà á má ṣe fi òógùn ojú ẹlòmíràn ṣe ọdún. Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún.