Nígbà Tí Ìyà Bá Ju Ẹ̀ṣẹ̀ Lọ: Ọ̀rọ̀ Àwọn Sójà Tí Wọ́n Jù Sẹ́wọ̀n Ní Àkúrẹ́

 

  A mọ̀ pé ẹlòmíràn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fọ abọ́ sàárì lọ́wọ́ ni, oorun sì ti ń wọ ẹlòmíràn lójú. Ẹ ṣáà fún wa ní etí díẹ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan bi wá ní ìbéèrè lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀. Ó ní, “Áfáà, bí kóòtù bá ti dájọ́, tí wọ́n ti gbé ènìyàn lọ sẹ́wọ̀n, ṣé ó tọ́ kí mùsùlùmí tún máa pariwo pé ìdájọ́ náà kò dára? Ṣé kì í ṣe àìgbọràn sí aláṣẹ nìyẹn?” Ìbéèrè yìí wúwo, kì í ṣe ohun tí a ń fi ẹnu méjì dáhùn. Ẹ jẹ́ kí a mú un láti ibi tí kò jìnnà sí wa.

Ẹni tó bá wọ mọ́tò ní Ìkẹ́rẹ́, tó gba Ìjù àti Ìta-Ògbólú kọjá, kò ní pẹ́ tí yóò fi dé Àkúrẹ́. Ní Àkúrẹ́ níbẹ̀, ní ọjọ́ 4 oṣù keje ọdún 2008, àwọn sójà kan bọ́ síta. Làìbéríà ni wọ́n ti dé, níbi tí ìjọba rán wọn lọ lábẹ́ àsíá Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé láti máa ṣọ́ àlàáfíà ní ìlú tí ogun ti fọ́ yángá. Wọ́n ní owó àjẹmọ́nú tó tọ́ sí àwọn kò dé ọwọ́ àwọn. Wọ́n fi ẹ̀hónú hàn ní ìgboro, ìlú sì dàrú. Nígbà tó di ọjọ́ 27 oṣù kẹrin ọdún 2009, ìgbìmọ̀ ìdájọ́ àwọn ológun tó jókòó ní Àkúrẹ́ dá 27 nínú wọn lẹ́bi ọ̀tẹ̀, wọ́n sì ní kí wọ́n lọ ṣẹ̀wọ̀n gbére.

Ẹ̀wọ̀n gbére o! Ẹni tí ọta ìbọn kò bà ní ilẹ̀ àjèjì, tó padà dé ilé láyọ̀, òun ni yóò wá gbó sínú ẹ̀wọ̀n nítorí pé ó béèrè owó tí yóò fi bọ́ ọmọ.

Nígbà tí ìròyìn náà dé, àwọn ènìyàn pín sí méjì. Àwọn kan ní, “Kí ló kàn wá? Ṣé kì í ṣe sójà ló máa ń na ènìyàn lójú títì? Kí wọ́n jẹ ẹ́ wò.” A kò ní purọ́ pẹ̀lú ààwẹ̀ lẹ́nu: èrò tí ó kọ́kọ́ wá sí ọkàn tiwa náà nìyẹn. Àfi ìgbà tí ìyá kan wá bá wa. Ọmọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ológun níbòmíràn, kò sí lára àwọn ti Àkúrẹ́ rárá, ṣùgbọ́n ara ìyá náà ń gbọ̀n. Ó ní, “Áfáà, bí wọn kò bá san owó ọmọ tèmi náà ńkọ́? Bó bá bínú lọ́jọ́ kan, ta ni yóò bá a sọ̀rọ̀?” A ní kó ṣe sùúrù. A ṣe àdúà fún un, ó ṣe àmín, ó lọ. Àdúà dára, ṣùgbọ́n ìbéèrè rẹ̀, a kò dáhùn. Ó ń dùn wá títí di òní.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Sójà tó fi ẹ̀hónú dí ọ̀nà mọ́ aráàlú ṣe ohun tí kò dára. Ànábì wa kọ́ wa pé ọ̀nà ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀, iṣẹ́ ológun sì rèé, bí àṣẹ kò bá múlẹ̀ níbẹ̀, ewu ni fún gbogbo wa. Ṣùgbọ́n Ànábì kan náà ló pàṣẹ pé kí a san owó alágbàṣe kí òógùn rẹ̀ tó gbẹ. Àwọn ọ̀gá kan náà fojú ba ìdájọ́ ológun lórí ọ̀rọ̀ owó yẹn, kò sì sí ẹni tó sọ wọ́n sí ẹ̀wọ̀n gbére. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ̀ṣẹ̀ ní ìwọ̀n, ìyà náà gbọ́dọ̀ ní ìwọ̀n.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Mẹ̀dínà. Àwọn onítúmọ̀ Àlùkùránì ròyìn pé ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Tuʼmah, ará Ànsárù, jí ẹ̀wù irin aládùúgbò rẹ̀. Inú àpò ìyẹ̀fun ló gbé e sí, àpò náà lu, ìyẹ̀fun sì ń dà sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n ń wá a kiri, ilé Yahúdì kan ni wọ́n ti bá ẹ̀wù náà, ibẹ̀ ni Tuʼmah fi pamọ́ sí. Àwọn ẹbí Tuʼmah wá bẹ Ànábì pé kó gbèjà ọmọ àwọn, nítorí pé mùsùlùmí ni, ẹni kejì kì í sì í ṣe mùsùlùmí. Kí ni Ọlọ́hun ṣe? Ó sọ àwọn áyà kalẹ̀ nínú Súrà An-Nisáì, láti orí 105 lọ, Ó fọ Yahúdì náà mọ́, Ó sì kìlọ̀ pé kí a má ṣe bá oníjàǹbá jà fún jàǹbá rẹ̀. Ẹ̀yin ará, bí Ọlọ́hun bá sọ̀rọ̀ nítorí Yahúdì kan ṣoṣo tí kò jẹ̀bi, ta ni àwa tí a ó ní sójà kò kàn wá?

Ànábì Yúsúfù náà ńkọ́? Nínú ẹ̀wọ̀n, ó ní kí ẹni tó ń jáde lọ dárúkọ òun fún ọba. Nígbà tí ọba sì ránṣẹ́ pè é, kò sáré jáde. Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ lọ yẹ ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin tó gé ọwọ́ ara wọn wò. Ó fẹ́ kí orúkọ rẹ̀ mọ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kúrò níbẹ̀. Ẹni tó bá ní àyẹ̀wò lẹ́yìn ìdájọ́ jẹ́ àìgbọràn, kó wá bá Ànábì Yúsúfù wí.

Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan. Ní ilẹ̀ Faransé ní 1894, wọ́n dá ọ̀gá ológun kan, Alfred Dreyfus, lẹ́bi pé ó ta àṣírí orílẹ̀-èdè rẹ̀, wọ́n gbé e lọ sí erékùṣù ẹlẹ́wọ̀n lókè òkun. Yahúdì lòun náà. Òǹkọ̀wé kan, Émile Zola, kọ lẹ́tà sínú ìwé ìròyìn ní 1898, wọ́n tìtorí rẹ̀ dá òun gan-an lẹ́bi. Ó di 1906 kí wọ́n tó wẹ Dreyfus mọ́. Ọdún méjìlá!

Ti Àkúrẹ́ kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Lọ́yà Fẹ́mi Fàlànà, ọmọ Ìlawẹ̀ níbí, dìde fún àwọn sójà náà. Àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ àti àwọn oníwèé ìròyìn kò dákẹ́. Nínú ọdún 2009 náà, àwọn aláṣẹ ológun sọ ẹ̀wọ̀n gbére di ọdún méje. Ọdún méje kì í ṣe òmìnira, ó pọ̀ fún ẹni tó ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ó ní òpin, ìyàwó lè máa kà á. Ní 2014 bákan náà, wọ́n dájọ́ ikú fún sójà 12 ní oṣù kẹsàn-án, àti 54 ní oṣù kejìlá, nínú ọ̀rọ̀ ogun Boko Haram. Ẹnu àwọn kan nínú wọn ni pé wọn kò fún àwọn ní ohun ìjà tó tó. Fàlànà tún dìde. Ní oṣù kejìlá 2015, wọ́n sọ ìdájọ́ ikú 66 di ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá. Ẹnu ènìyàn ni Ọlọ́hun fi dá ẹ̀mí 66 sí.

Nítorí náà, ìwọ ọmọ wa tó béèrè, bí o bá fẹ́ sọ̀rọ̀, mọ ọ̀nà rẹ̀. Má sọ pé ẹni náà kò ṣẹ̀ bí o kò bá mọ̀. Sọ pé ìyà ju ẹ̀ṣẹ̀ lọ. Má bú adájọ́, má sun táyà. Ìdájọ́ ológun ṣì ní ẹni tí yóò buwọ́ lù ú kó tó múlẹ̀, ó sì ṣeé pè lẹ́jọ́ lọ sí Kóòtù Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Bí ẹ bá ń wá ìdáríjì, kì í ṣe gómínà ni ẹ ó kọ̀wé sí. Ààrẹ ni òfin orílẹ̀-èdè fún lágbára lórí ẹjọ́ ológun, pẹ̀lú ìmọ̀ràn àwọn ìgbìmọ̀ tó yẹ. 

Ìdílé yòówù tó bá ní ọmọ nínú irú ìṣòro bẹ́ẹ̀, kí wọ́n mú ìwé ìdájọ́ rẹ̀ wá bá akọ̀wé ẹgbẹ́ wa lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀. A ó bá wọn wá lọ́yà, a ó sì jọ kọ lẹ́tà. Ìyá tí a sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, bí o bá ń gbọ́ wa, jọ̀wọ́ padà wá. Àkókò wa ti pé. Kí Ọlọ́hun gba ààwẹ̀ wa, kí Ó yọ gbogbo ẹni tí wọ́n tì mọ́lé láìtọ́.