ÀDÉHÙN ÀWỌN ỌMỌLÚWÀBÍ LÓRÍ ÌWỌLÉ ÀLEJÒ

Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Gánà, lábẹ́ Ọ̀mọ̀wé Busia, pàṣẹ pé kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé àṣẹ ìgbélùú lọ gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kí ó jáde. Àwọn Yorùbá wà lára àwọn tí ọ̀rọ̀ náà dùn jù. Nǹkan bí 100,000 wọn ni a kà níbẹ̀ nínú ìkànìyàn ọdún 1960. Ọ̀pọ̀ ti lọ nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì kan náà ń ṣàkóso ibẹ̀ àti ilẹ̀ wa, tí ẹnikẹ́ni kò bi wọ́n léèrè ìwé. Àwọn mìíràn, ibẹ̀ ni a gbé bí wọn. Ọ̀sẹ̀ méjì kò tó láti gba owó tí a jẹ wọ́n, áḿbọ̀sìbọ́sí láti ta ilé.

Ìjọba kọ̀ọ̀kan ni ó láṣẹ láti sọ ẹni tí yóò wọ ilẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí a ń gbà ti ilẹ̀kùn kò rí bákan náà. Ní ọdún 1906, ìgbìmọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ San Francisco, ní Amẹ́ríkà, pàṣẹ pé kí a ya àwọn ọmọ Japan sọ́tọ̀ sí ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn. Inú bí Japan, orílẹ̀-èdè tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹ́gun Rọ́ṣíà. Ààrẹ Roosevelt kò fẹ́ ìjà. Ní ọdún 1907 àti 1908, ìjọba méjèèjì kọ lẹ́tà sí ara wọn, wọ́n sì fohùn ṣọ̀kan: Japan fúnra rẹ̀ kò ní fún lébìrà ní pásípọ́ọ̀tù sí Amẹ́ríkà mọ́, San Francisco yóò gba àwọn ọmọ náà padà. Àwọn òbí, aya àti ọmọ ẹni tí ó ti wà níbẹ̀ ṣì lè wọlé. Nítorí èyí, ọ̀pọ̀ ọkùnrin fẹ́ aya láti ilé, tí wọ́n jẹ́ pé fọ́tò nìkan ni tọkọtaya fi mọ ara wọn! Àdéhùn ọmọlúwàbí ni wọ́n pè é. Kò fi ojúsàájú sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò fọ́ ilé ẹnikẹ́ni. Ní ọdún 1924, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà fi òfin pa á rẹ́, ó sì ti ilẹ̀kùn pátápátá.

Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà náà ní àdéhùn tirẹ̀. Ní Dakar, ní oṣù karùn-ún ọdún 1979, àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS fọwọ́ sí i pé ọmọ orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan lè wọ ilẹ̀ èkejì láìgba físà, kí ó sì lo 90 ọjọ́. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1983, Nàìjíríà fún àwọn àlejò tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì péré. Ó ju 1,000,000 ènìyàn tí ó kó ẹrù, àwọn ará Gánà ni wọ́n sì pọ̀ jù. Láti ìgbà náà ni báàgì onílà ti ń jẹ́ Ghana Must Go. Òfin wà lẹ́yìn ìjọba wa, nítorí ọ̀pọ̀ wọn ti kọjá 90 ọjọ́. Ṣùgbọ́n Gánà ti ti ẹnubodè rẹ̀ pẹ̀lú Togo láti ọdún 1982. Àwọn tí a lé há sí Benin àti Togo, títí Gánà fi ṣí i ní òpin oṣù náà. Lẹ́tà kan láàárín ìjọba méjì ìbá ti gba èyí là.

Àdéhùn Dakar ṣì wà, bí Burkina Faso, Mali àti Niger tilẹ̀ jáde kúrò nínú ECOWAS ní ọdún 2025. Ẹni tí ó bá ti Igbó-Ọrà tàbí Èrúwà gba Abẹ́òkúta lọ sí Ìdí-Ìrókò, kí ó mú pásípọ́ọ̀tù tàbí ìwé ìrìnnà ECOWAS dání, àti ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú. Kí ó rí i pé a lu òǹtẹ̀ ọjọ́ tí ó wọlé sínú rẹ̀, nítorí láti ọjọ́ náà ni a ti ń ka 90. Bí ọjà kò bá tíì tán, kí ó tọ ọ́fíìsì ìwọlé-wọ̀de ìlú náà lọ kí ọjọ́ tó pé. Bákan náà ni fún ẹni tí ó bá ti Benin wá ṣiṣẹ́ oko ẹ̀gẹ́ ní Ìbàràpá.