Bọ́ọ̀dù Kọ́ Ló Jóná

(Ìró omi tó ń wọ inú ẹ̀rọ ìfọṣọ. Ẹ̀rọ ń yí. Ó dákẹ́ lójijì, ó sì ń ké pí-pí-pí.)

OLÓÒTÚ: Igbe tí ẹ gbọ́ yẹn, ọ̀pọ̀ ilé ló mọ̀ ọ́n. Aṣọ wà nínú omi, ọṣẹ ti yòrò, ilẹ̀kùn ẹ̀rọ ti tì pa, lẹ́tà méjì péré ló sì ń ṣẹ́jú lójú ẹ̀rọ: tE. Nínú ẹ̀rọ LG tí ilẹ̀kùn rẹ̀ wà níwájú, ohun tí lẹ́tà méjèèjì ń sọ ni pé ẹ̀rọ kò gbọ́ ìròyìn tó ṣe é gbà gbọ́ mọ́ nípa bí omi ṣe gbóná tó. Ó tán. Kò sọ pé sẹ́ńsọ̀ ti kú. Kò sì sọ pé bọ́ọ̀dù tó ń darí ẹ̀rọ ti jóná, bẹ́ẹ̀ ohun tí onílé máa ń kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu oníṣẹ́ nìyẹn: "Mọ́mì, bọ́ọ̀dù yín ti lọ o." Owó bọ́ọ̀dù kan sì lè ra sẹ́ńsọ̀ rẹpẹtẹ.

(Ìró síkúrúù tí wọ́n ń tú. Páànù irin dún gbọ̀ngàn.)

OLÓÒTÚ: Nísàlẹ̀ táǹkì tí aṣọ ń yí nínú rẹ̀ ni hítà wà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ hítà yẹn, ẹ óò rí ohun kékeré kan tí wọ́n tì bọ inú rọ́bà, tí wáyà méjì so mọ́ nídìí. Sẹ́ńsọ̀ nìyẹn. Bí ìyá ọlọ́mọ ṣe ń fi ìgbọ̀nwọ́ tọ́ omi wò kó tó gbé ọmọ sí i, bẹ́ẹ̀ ló ń bá bọ́ọ̀dù tọ́ omi wò.

Kì í ṣe idán. Ohun tó wà nínú rẹ̀ máa ń dí iná lọ́nà. Bó bá tutù, á dí i gan-an. Bó bá ti ń gbóná, á máa yọ̀ǹda fún un. Michael Faraday ti kíyè sí irú ìwà yìí lára silver sulphide láti 1833, ṣùgbọ́n nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kọjá kí ẹnikẹ́ni tó rí i sọ di ọjà. Ẹni tó bá ní bírò lọ́wọ́, kó kọ èyí sílẹ̀: nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ LG tí à ń wí yìí, bí omi bá wà ní 30°C, sẹ́ńsọ̀ á fi nǹkan bíi 39.5 kilo-ohm dí iná. Ní 40°C, 26.1, ní 60°C, 12.1.

Ká wá ní eku ti gé wáyà rẹ̀ já. Iná kò kọjá rárá. Lójú bọ́ọ̀dù, omi yẹn tutù ju yìnyín lọ. Bí bọ́ọ̀dù bá gba irọ́ yìí gbọ́, á ní kí hítà máa ṣiṣẹ́ lọ, hítà tó lè jẹ tó 2000 watt. Omi á hó, aṣọ á bàjẹ́. Bí wáyà méjèèjì bá sì kan ara wọn, bọ́ọ̀dù á rò pé omi ti hó kọjá ààlà, kò ní tan hítà rárá. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kọ́ ẹ̀rọ pé bí òǹkà bá ti ya ẹhànnà, kó dúró, kó ké.

Àwọn kan á ní, omi tútù lèmi fi ń fọṣọ, kí ló kàn mí? Lóòótọ́, hítà 2000 watt kì í ṣe ẹrù jẹnẹrétọ̀ I-better-pass-my-neighbour. Ṣùgbọ́n ẹ fọ tútù o, ẹ fọ gbígbóná o, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ló ṣì ń yẹ sẹ́ńsọ̀ wò.

Ó yá, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì. Mi ò ní kí ẹ pa súìṣì nìkan. Ẹ yọ ọ́ kúrò lára ògiri, torí NEPA kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Ẹ jẹ́ kí omi inú rẹ̀ tutù, kí ẹ sì dà á nù. Kí ẹ tó fi míta oníṣẹ́ iná kan ohunkóhun, ẹ fojú wo ibi tí wáyà ti wọ ìdí sẹ́ńsọ̀. Ibẹ̀ lèmi máa ń fura sí jù. Ọ̀rinrin lè mú kí irin ẹnu wáyà dípẹtà, àwọ̀ ewé á bò ó. Nígbà mìíràn, ẹ fà á yọ, ẹ nù ún, ẹ tì í padà, ọ̀rọ̀ parí. Ìsàlẹ̀ ẹ̀rọ mìíràn sì ṣí sílẹ̀ gbayawu, eku ń gbabẹ̀ wọlé.

(Ìró míta: tí-ì-ì.)

OLÓÒTÚ: Ẹ gbé míta sí ohm, ní 200k. Ẹ fa wáyà kúrò nídìí sẹ́ńsọ̀, kí ẹ fi ẹnu míta méjèèjì kan ẹsẹ̀ sẹ́ńsọ̀. Lọ́sàn-án Ìbàdàn, tí yàrá wà ní nǹkan bí 30°C, ó yẹ kí ẹ rí òǹkà tó súnmọ́ 40. Bí míta bá kọ OL, sẹ́ńsọ̀ ti já nínú. Bó bá kọ òdo, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti kan ara wọn nínú. Bí òǹkà bá dára, ẹ má tíì yọ̀: ẹ yọ sẹ́ńsọ̀ kúrò nínú rọ́bà, kí ẹ ti orí rẹ̀ bọ ife omi gbígbóná. Òǹkà gbọ́dọ̀ máa sọ̀ kalẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Bó bá ń fò sókè sódò, tàbí tó dúró gbagidi, sẹ́ńsọ̀ yẹn kò dára mọ́.

Sẹ́ńsọ̀ yè, tE kò lọ? Ẹ ti wáyà padà sídìí sẹ́ńsọ̀, kí ẹ fà á yọ níbi tó ti wọ bọ́ọ̀dù, kí ẹ sì gbé míta lọ síbẹ̀. Iye tí ẹ rí nísàlẹ̀ ló yẹ kí ẹ rí níbẹ̀. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, wáyà ló já lọ́nà.

Ẹni tó bá máa ra tuntun, kó mú nọ́ńbà ẹ̀rọ rẹ̀ lọ sọ́jà. Àwọn sẹ́ńsọ̀ kan wà tó jẹ́ nǹkan bí 12 kilo-ohm ní 25°C. Bí ẹ bá ki irú rẹ̀ bọ ẹ̀rọ tí a ń wí yìí, omi kànga lásán ni, ẹ̀rọ á máa rò pé ó ti di 60°C. Ẹ fi ọṣẹ díẹ̀ pa rọ́bà lára kó lè yọ̀ wọlé, kí ẹ sì tì í dé ìdí, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ lomi máa gbà jò.

Bí gbogbo èyí bá pé tí tE ṣì ń ṣẹ́jú, ìgbà yẹn ló wá kan bọ́ọ̀dù. Kí oníṣẹ́ wọ̀n ọ́n níṣojú yín. Bó bá sì pààrọ̀ rẹ̀, ẹ gba ti àtijọ́ lọ́wọ́ rẹ̀; bọ́ọ̀dù àtijọ́ náà ń rí ẹni rà á.

(Orin ètò.)