Ìjẹ Tí Ẹja Mọ̀

Ẹ̀yin ará mi, ẹ sọ fún ẹni tó jókòó tì yín pé: "Ẹnu ẹja la fi ń yan ìjẹ, kì í ṣe ẹnu apẹja!" Halelúyà!

Ẹ bá mi ká lọ sí bèbè odò Fraser ní Kánádà. Ẹja sturgeon inú odò yìí lè lò ju 100 ọdún lọ láyé. Kò léyín. Omi ibẹ̀ rú, ojú kọ́ ló fi ń wá oúnjẹ. Irùngbọ̀n mẹ́rin tó wà níwájú ẹnu rẹ̀ ló fi ń tọ́ ìsàlẹ̀ odò wò. Nítorí náà, ẹ má wá ìjẹ tó ń dán. Èyí tó ń rùn ni kẹ́ ẹ wá!

Kí la máa wá fi sẹ́nu ìwọ̀? Ẹ bi odò léèrè! Nígbà ìwọ́wé, tí ẹja salmon bá ń gòkè wá yé ẹyin, ẹyin salmon ni kẹ́ ẹ dì sínú aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ìbọ̀sẹ̀ obìnrin. Kí salmon tó dé, ìdì ekòló dára. Níbi tí omi ti ń sáré, ẹ lo ègé lamprey, ẹja tó gùn bí ejò. Ara rẹ̀ yi, omi kì í tètè já a. Ẹ fi òwú so ó mọ́ ìwọ̀, kí òjé tó wúwo mú un jókòó sísàlẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o! Sturgeon yìí kì í ṣe ẹran ìkòkò. Òfin ní kẹ́ ẹ dá a padà sómi, kí ìwọ̀ yín má sì ní ẹ̀gún lẹ́nu. Bí ọ̀pá bá ti mì, ẹ tètè fà á, kó má bàa gbé ìwọ̀ mì. Ìjẹ tó dáa lọ́wọ́ apẹja tó ń sùn, ikú ẹja ni. Ẹ má sùn o!